Ohùn Nùsírátù Tí Mo Pè Ní Tèmi

Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa káàánú, ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn. Kò sí ẹkún nínú ìtàn tèmi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni bá mi sun. Ojú mi là kedere nígbà tí mò ń ṣe ohun tí mo ṣe, inú mi sì ń dùn.

Orúkọ mi ni Tèmilọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Inú ilé tí bàbá mi rí gbà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n bí mi sí ní Festac, ibẹ̀ náà ni mo ṣì ń gbé. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní orin ní ilé ìwé aládàáni kan ní Amúwó-Ọ̀dọ̀fin. Ẹ má jẹ́ kí "olùkọ́ orin" yẹn dẹ́rù bà yín. Dùùrù kékeré kan tí ohùn mẹ́ta ti kú nínú rẹ̀ ni gbogbo irinṣẹ́ mi. Àmọ́ tí ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn nínú ọgbà ilé ìwé yẹn, ẹ ó rò pé èmi ni mo kọ́ ẹyẹ ní orin.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan àti máìkì ní ọjà Trade Fair. Mo wá fi ètò kan sínú kọ̀ǹpútà náà, irú èyí tí àwọn olórin fi ń gba ohùn sílẹ̀, tí wọ́n sì fi ń tò ó. Mo fẹ́ máa ṣe orin nínú yàrá mi láìbẹ onísítúdíò kankan.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣí ètò náà, bọ́tìnnì ló kún ojú rẹ̀ bí ara ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná mú. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi kọrin sínú máìkì tí nǹkan kan kò wọlé. Mo pe ọkùnrin tó ta máìkì fún mi, mo bú u ní olè. Ní ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé èmi ni mi ò tíì sọ fún kọ̀ǹpútà pé máìkì yẹn ni kó máa gbọ́. Mi ò pe ọkùnrin náà padà láti bẹ̀ ẹ́. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn.

Díẹ̀díẹ̀ mo mọ ìwọ̀nba tó tó láti fi yangàn. Mo mọ̀ pé ohùn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n á tò léra wọn bí aṣọ inú àpótí. Mo mọ bọ́tìnnì pupa tó ń gba ohùn. Mo tún mọ bọ́tìnnì kékeré kan tí wọ́n kọ lẹ́tà M sí. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìlà yẹn á dà bí eérú, ẹ kò sì ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Èmi rò pé ó ti parẹ́ nìyẹn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ta ni mo fẹ́ bi? Mo ti sọ fún gbogbo olùkọ́ pé mo ti di ọ̀gá.

Obìnrin kan wà ní ilé ìwé wa tó ń jẹ́ Nùsírátù. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́. Ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, àmọ́ "Àǹtí Tèmi" ló ń pè mí, "ẹ" ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, nítorí pé èmi jẹ́ olùkọ́, òun sì ń nu ìdí ọmọ. Èmi náà ń pè é ní Nùsírá, láìsí àǹtí, láìsí nǹkan kan.

Ọmọ Kuje tó wà lẹ́bàá Festac ni, láti ilé àwọn Bùsàrí, àwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ kalẹ̀ ní Festac. Nílé tiwa, tí a bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan ò lajú, "ará Kuje" la máa ń pè é. Bàbá mi ló dá a sílẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i nídìí oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kan, Nùsírátù dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu ìyá òun láti bí oṣù mẹ́fà. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ọwọ́ kan àti ẹsẹ̀ kan ti kú, àmọ́ etí rẹ̀ ń gbọ́. Orin kan wà tí ìyá yìí fi rẹ gbogbo wọn lẹ́kún ní kékeré, òun náà sì ni ìyá tirẹ̀ fi rẹ ẹ́ lẹ́kún. Bí Nùsírátù bá kọ ọ́ fún un tó bá dé láti ibi iṣẹ́, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí kò bá sí nílé, ẹkún ni ìyá máa ń sun.

Ó ti gbìyànjú láti fi fóònù gbà á. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ayálégbé wọn ló kún inú rẹ̀, ìyá kàn yí ojú sí ògiri ni.

Ó ní, "Àǹtí Tèmi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Tó bá mọ́ gaara, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni."

Mo gbà. Kì í ṣe àánú. Mo nílò ohùn tí mo lè fi dánra wò, mi ò sì fẹ́ kí ẹni tí mo kà sí rí mi níbi tí mo ti ń ṣàṣìṣe.

Ó wá ní ọjọ́ Sátidé. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó mú ẹja yíyan wá fún bàbá mi, ó fi bébà wé e dáadáa. Bàbá mi dúpẹ́, ó gbé e sórí tábìlì, kò sì wò ó mọ́. Ó ní ta ló mọ omi tí wọ́n ti pa á.

Mo ti fi ìbora kọ́ ara ògiri yàrá mi, mo ní kó dúró sáàárín ilẹ̀kùn wọ́dúróòbù méjèèjì kí ohùn má baà máa ta padà. Mo gbé hẹ́dífóònù sí i létí, mo sì tan ìró kan tó ń dún kó, kó, kó bí aago, tí àwọn olórin fi ń mọ bí orin ṣe ń sáré sí. Kò lè bá a lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pòṣé.

Ó bọ́ hẹ́dífóònù náà. "Ẹ má bínú, Àǹtí Tèmi. Èémí ọmọ la fi ń kọ ọ́. Nǹkan yìí ń sáré ju ọmọ tó fẹ́ sùn lọ."

Mo pa ìró náà láti fi hàn án pé kò mọ nǹkan kan. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa. Ó di ojú, ó sì kọ ọ́.

Oorun gúnlẹ̀ létí ọ̀sà,
Ó gbé ẹní tuntun dání.
Ó bèèrè ilé ọmọ mi,
Mo ní ibí ni, wọlé.

Mo lè sọ fún yín pé omi bọ́ lójú mi. Irọ́ ni. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé, kí ló dé tí kì í ṣe èmi? Mo ti kàwé orin. Mo ti kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ láti ọmọ ọdún méje. Ó wá jẹ́ ẹni tó ń fọ aṣọ ìdí ọmọ ni Ọlọ́run fún ní ohùn tó lè dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà.

Mo ṣí ìlà tuntun, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo ní kó tún un kọ. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ìyá òun máa gbọ́. Ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n fún nílé, ó sì lọ. Mo ní kó wá gbà á ní ọjọ́ Mọ́ńdè.

Ọ̀rẹ́ mi Lilian wà ní pálọ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé wa, òpópónà tó tẹ̀lé tiwa ló ń gbé, a sì ti jọ wà láti ilé ìwé girama. Bí Nùsírátù ṣe jáde ni Lilian wọlé tòun ti ẹja lọ́wọ́, ó ń já a jẹ. A jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, a sì fi obìnrin náà ṣẹ̀sín: híjáàbù rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbẹ. Ẹ máa gbọ́ ohun tí a sọ gan-an láìpẹ́, nítorí èmi náà tún un gbọ́.

Nígbà tí Lilian lọ, mo rí i pé bọ́tìnnì pupa ṣì ń ṣẹ́jú. Ìlà tuntun yẹn ti gun gbọọrọ bí ejò, ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló wà nínú rẹ̀. Mo tẹ M. Ó di eérú. Mo lọ wẹ̀.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ọ̀gá wa obìnrin pè mí síta láti wá kí bàbá ọmọ kan. Gbádébọ̀ lorúkọ rẹ̀, fíìmù ló ń ṣe. Ó ní òun ń parí fíìmù kan, òun ń wá orin arẹmọlẹ́kún, gbogbo ohùn tí wọ́n sì ti mú wá ló ń dún bí ohùn ẹni tó mọ̀ pé àwọn èèyàn ń gbọ́ òun. Ó bi mí bóyá mo ní nǹkan kan.

Mo ti fi orin Nùsírátù sínú fóònù mi kí n lè fi ránṣẹ́ sí i. Mo jẹ́ kó gbọ́ ọ. Ó di ojú, ó fara ti mọ́tò rẹ̀, kò mira.

Ó bi mí pé, "Ta ló ń kọrin yìí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí yìí pẹ̀lú mi. Nùsírátù kò jìnnà sí wa ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mò ń wò ó láti ojú wíńdò yàrá àwọn ọmọ ọwọ́, ó pọn ọmọ kan, ó ń jó rọra. Ìka kan ṣoṣo ni mo nílò láti nà sí i. Ká ní mo nàka sí i ni, gbogbo ayé ì bá yìn mí pé èmi ni mo rí i.

"Èmi ni," ni mo wí. "Orin ìyá mi ni, sà."

Ó wò mí. "Ohùn tí o fi ń sọ̀rọ̀ ò jọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ohùn orin yàtọ̀ sí ti ọ̀rọ̀. Ó gbà mí gbọ́. Irọ́ rọrùn púpọ̀ lẹ́nu ẹni tó bá wọ bàtà tó dán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, Nùsírátù dé. Mo ti mọ̀ pé tí mo bá fún un, ilé ìwé á gbọ́ ọ, ọ̀gá wa á gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ á sì dé ọ̀dọ̀ Gbádébọ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà mi ti dákú, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ti bàjẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí Tèmi," ló sọ. "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ṣé kí n tún wá ní Sátidé?"

Òun ló ń tù mí nínú. Mo ní tí wọ́n bá tún un ṣe.

Sátidé àkọ́kọ́, mo ní kò sí iná. Èkejì, mo ní mò ń ṣètò ìdánwò. Ẹ̀kẹta, mo ní okùn máìkì ti já. Lẹ́yìn ìyẹn kò bèèrè mọ́, ó kàn máa ń wo ọwọ́ mi tí mo bá ń kọjá.

Mo sọ fún Lilian. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé Nùsírátù kọ orúkọ rẹ̀ sára orin náà ni? Mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n fẹ́ fi ohùn mi sínú fíìmù. Bàbá sọ fún gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì nínú ìjọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí pè mí ní olóhùn iyọ̀ lẹ́yìn ìsìn. Mò ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Gbádébọ̀ pè, ó ní kí n wá kọ ọ́ níwájú òun. Mo ní ọ̀fìnkìn ń ṣe mí. Mo gbìyànjú láti fi ohùn tèmi kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Nǹkan kan wà nínú ètò náà tó máa ń fa ohùn tó yà padà sójú ọ̀nà. Mo fi fa ohùn mi títí tó fi ń dún bí ẹ̀rọ tó ń pe nọ́ńbà ènìyàn ní báǹkì. Mo fi ránṣẹ́. Èsì tí Gbádébọ̀ fọ̀ kò ju gbólóhùn méjì lọ: "Èyí kọ́. Ti àkọ́kọ́."

Ó wá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà nínú kọ̀ǹpútà mi, pẹ̀lú ìlà rẹ̀, kí ẹni tó ń bá òun tún ohùn ṣe lè fọ̀ ọ́ mọ́. Mo tẹ M sórí ohùn tèmi, mo rí i pé ìlà tèmi àti Lilian ṣì jẹ́ eérú, mo kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. Mo rò pé orin kan péré ni mo fi ránṣẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá wa sọ fún wa níbi àpéjọ àárọ̀ pé ìyá Nùsírátù ti kú. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ yẹn náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ṣe ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, àwa olùkọ́ lọ kí i ní Kuje.

Orí ẹní ló jókòó sí. Kazeem, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, gbé àga fún wa, ó fún wa lómi. Nùsírátù kò sunkún. Ó kàn ń sọ fún wa bí ó ṣe rí. Ó ní òun ti sọ fún ìyá pé orin náà ń bọ̀. Láàárọ̀, tí òun bá fẹ́ jáde lọ síbi iṣẹ́, ìyá á na ọwọ́ tó ṣì dára sí fóònù òun. Òun á ní, "Ó ń bọ̀, màmá." Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ pàápàá, ó nà án.

Báàgì mi wà lórí itan mi. Fóònù mi wà nínú báàgì. Orin náà wà nínú fóònù.

Lilian fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi. Mo ní kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Mo mu omi wọn tán.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Gbádébọ̀ ní kí n wá sí ọ́fíìsì òun. Mo rò pé ọ̀rọ̀ fíìmù ti dé ojú ẹ̀ nìyẹn. Lilian múra ju èmi lọ, ó ní òun ò lè jẹ́ kí èmi nìkan lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ Mazamaza ni ọ́fíìsì náà wà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ nípọn débi pé nígbà tí wọ́n pa á dé, ariwo gbogbo àwọn tó ń pe èrò nísàlẹ̀ dákẹ́ pátápátá.

Gbádébọ̀ wà níbẹ̀, àti ọkùnrin tó ń bá a tún ohùn ṣe. Lórí àga gígùn tó wà lára ògiri, Nùsírátù jókòó, Kazeem sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gbádébọ̀ kò fi àga lọ̀ wá. Ó ní nígbà tí ọkùnrin náà ṣí ẹrù tí mo kó ránṣẹ́, ìlà mẹ́ta ló bá níbẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan. Nígbà tí òun gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, òun lọ bá ọ̀gá ilé ìwé wa, òun bèèrè ẹni tó ń jẹ́ Nùsírá tó wá láti Kuje.

Ó wá yíjú sí mi. "M kì í ṣe ìparẹ́, olùkọ́. Ó kàn ń mú un dákẹ́ ni. Ẹni tó bá tún un tẹ̀, á tún sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin náà tẹ ti àkọ́kọ́. Ohùn tèmi jáde, èyí tí mo fà, tó ń dún bí ẹ̀rọ báǹkì. Ọkùnrin náà tẹrí ba kí n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀.

Ó tẹ ìkejì. Nùsírátù kò tíì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Kazeem ń wo ilẹ̀.

Ó tẹ ìkẹta. Ìró eyín la kọ́kọ́ gbọ́, ẹnì kan ń jẹ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni ohùn Lilian:

"Ẹja yìí dùn o. Ó kéré tán, wọ́n wúlò fún nǹkan kan."

Ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà, èmi:

"Ohùn Nùsírá yìí ṣòfò lára ẹni tó ń nu ìdí ọmọ."

"Gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ jàre. Ará Kuje. Ta ló fẹ́ sọ fún?" Lilian nìyẹn.

Mo gbọ́ bí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Ó gùn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín mi ṣe rí, ó rí bí ti ẹni tí kò ní eyín.

Lilian ní òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, òun kàn sìn mí wá ni. Ohùn rẹ̀ ṣì ń rẹ́rìn-ín láti inú ẹ̀rọ bó ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Mò ń dúró de èébú. Mo ti ní ìdáhùn sí èébú nípamọ́: pé eré la ṣe, pé gbogbo ènìyàn ló ń sọ irú ẹ̀. Nùsírátù kò sọ̀rọ̀ nípa ẹja, kò sọ̀rọ̀ nípa ìdí ọmọ. Ó bi ọkùnrin náà bóyá kọ̀ǹpútà lè sọ ọjọ́ tí wọ́n gba ohùn òun. Ọkùnrin náà wò ó, ó kà á fún un. Ó fi ìka ka àwọn ọ̀sẹ̀ náà. Ó wá gbójú sókè sí mi.

"O sọ fún mi pé ó ti bàjẹ́."

"O" ló pè mí. Láti ọdún mẹ́ta tí a ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó sì yẹ ẹnu rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti wà láti ilẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ló wí. "Ìyá mi wà láàyè, ó sì wà níbẹ̀."

Gbádébọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí orin náà wà nínú fíìmù, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ó ṣe sùúrù gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Èyí tí ìyá mi ò gbọ́ yìí, ẹlòmíràn ò ní gbọ́ ọ." Kazeem dìde, wọ́n sì kọjá lára mi bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Nùsírátù fi ilé ìwé sílẹ̀. Wọn ò lé èmi lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá wa ní kí n parí sáà, kí n wá ibòmíràn lọ. Lilian ti sọ fún gbogbo ènìyàn pé èmi ni mo tì í sínú ẹ̀, àwọn kan gbà á gbọ́, wọn ò sì jẹ̀bi. Àwa méjèèjì yẹ ara wa.

Bàbá mi lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tó dé, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi pé mo sàn ju àwọn èèyàn yẹn lọ. Mo wò ó. Òun ló kọ́kọ́ gbé ojú kúrò, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo lọ sí Kuje. Ẹ má pè é ní ìrònúpìwàdà. Mi ò lè sùn ni, mo sì fẹ́ sùn. Kazeem kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gbogbo, ó ní kí n dúró síta. Oòrùn pa mí títí. Nígbà tí Nùsírátù jáde, mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí àwọn ará àdúgbò má baà rò pé ẹlòmíràn tún ti kú.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ẹnu wíńdò títí dé inú báàgì. Ó gbọ́ ọ tán.

"Kọ́ mi," ló wí.

Mi ò lóye rẹ̀.

"Ètò yẹn. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àbúrò ìyá mi, Àǹtí Bàrákàt, nìkan ló kù tó mọ àwọn orin yòókù. Kazeem ní kọ̀ǹpútà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún bá wa gbà á sílẹ̀ mọ́."

Sátidé mẹ́ta ni mo fi lọ. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé máìkì ni kó máa gbọ́. Mo kọ́ ọ ní bọ́tìnnì pupa, mo kọ́ ọ ní ìlà. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé ìwé. Ohun tó gbà mí lóṣù mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta ló gbà á. Ó ń bi mí ní ohun tí èmi ò bi ẹnikẹ́ni rí. Ó bi mí pé báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé ohùn kan ti lọ pátápátá. Mi ò mọ̀. Mo ní láti lọ kọ́ ọ nílé kí n tó padà wá fi hàn án. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó gbé ẹrù tí mo kó ránṣẹ́ sí Gbádébọ̀ jáde, èyí tí Gbádébọ̀ ti kó fún un, ó pa ohùn tèmi rẹ́, ó pa ẹ̀rín èmi àti Lilian rẹ́, kò wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan. Tirẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ti ń sọ nínú yín pé ẹ ò lè ṣe irú ẹ̀ láéláé, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò jí ohùn yẹn nítorí fíìmù. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbà pé kò sí ohun tó jẹ́ ti obìnrin yẹn tí kò lè di tèmi bí mo bá fẹ́. Ìgbà tí a ń rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ ni olè náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, Àǹtí Bàrákàt jókòó sáàárín ìbora, obìnrin àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Nùsírátù gbé hẹ́dífóònù sórí híjáàbù rẹ̀, ó ṣí ìlà tuntun, ó yí ohun kan díẹ̀, ó tún un yí, ó gbé ọwọ́ sókè. Ìyá àgbà náà kọrin mẹ́rin tẹ̀léra. Èmi wà lórí àpótí kékeré nígun yàrá. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. Kò sí ohun tó ṣòro fún un tí mo lè bá a ṣe.

Nígbà tí orin kẹrin tán, ó tọ́jú rẹ̀, ó ṣí i wò bóyá ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó bọ́ hẹ́dífóònù, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

"Mo ti mọ̀ ọ́n," ló wí. "Má wá mọ́."

Mo dìde. Àǹtí Bàrákàt bèèrè ẹni tó ń lọ, torí kò ríran dáadáa. Nùsírátù ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Kò sì sẹ́ni tó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.